Àwọn Kòkòrò Tí Ń Fọ Omi Adágún Ẹja

Ẹ̀kọ́ ìlera wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí omi tí a ń dà jáde láti inú adágún ẹja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́sìn ẹja nìkan nìyẹn, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹni tí kò sin ẹja ń mu omi kànga. Ẹni tí kò ní kànga ń ra ẹ̀fọ́ tí a fi omi odò rin. Ẹni tí kò ra ẹ̀fọ́, ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lẹ́bàá gọ́tà. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbogbo.

Ọ̀sìn ẹja àrọ̀ ti gbilẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹríwè lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, a ó rí adágún tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, a ó rí èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ, a ó sì rí èyí tí a fi tapoléènì ṣe sí ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ rere ni. Ó ń bọ́ ìdílé, ó sì ń fún àwọn ọmọ wa ní oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń jẹun, a kò ní ṣàì ṣu níbẹ̀. Inú omi tí ẹja ń gbé náà ni ó ń jẹun sí, ibẹ̀ ni ó ń ṣu sí, ibẹ̀ ni ó ń tọ̀ sí. Nígbà tí omi náà bá dúdú tí ó sì ń rùn, ẹni tí ó ni ín a ṣí ẹnu páìpù, omi a sì wọ́ lọ sínú gọ́tà, tàbí sínú odò, tàbí sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irú omi wo ni àwa ń dà síwájú? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí nìyẹn, a ó sì rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n lè fọ omi náà fún wa láì gba owó oṣù, bí a bá mọ bí a ti ń tọ́jú wọn.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OMI NÁÀ?

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán. Èyí ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá dé inú odò kékeré, yóò máa jẹrà níbẹ̀, jíjẹrà rẹ̀ yóò sì máa gba ọ́síjìn, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí ohun alààyè ń mí, kúrò nínú omi, títí àwọn ẹja odò náà yóò fi kú.

Èkejì ni amóníà. Èyí kò ṣeé fi ojú rí. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí òórùn rẹ̀ ta á nímú tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ti pàdé amóníà. Láti ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni ó ti ń tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde sínú omi, ní ọ̀sán àti ní òru.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọlọ́sìn kan bá ń fún àwọn ẹja rẹ̀ ní oúnjẹ kìlógíráàmù 10 lójúmọ́, tí purotéènì inú oúnjẹ náà sì jẹ́ 40 nínú 100, purotéènì kìlógíráàmù 4 ni ó dà sínú omi. Ẹja kò lè sọ gbogbo rẹ̀ di ẹran ara. Nípa ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹja ń lò, bíi gíráàmù 370 náítírójìn ni yóò padà sínú omi gẹ́gẹ́ bí amóníà, lójoojúmọ́. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, tí omi tòrò tí ojú wa sì rí i bí omi mímọ́, amóníà náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Omi tí ó tòrò kì í ṣe omi tí ó mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àwọn kòkòrò àrùn. Àwọn ẹyẹ tí ń bà létí adágún ń ṣu sí i. Àwọn ọlọ́sìn mìíràn a máa da ìgbẹ́ adìyẹ sínú adágún, àwọn mìíràn a sì máa fi òkú adìyẹ bọ́ ẹja. Gbogbo ohun tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè ti ibẹ̀ wọ omi. Àwọn kòkòrò kan sì wà tí ó jẹ́ ti inú omi ẹja gan-an, tí ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara ẹni tí ó ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó bó bọ inú rẹ̀.

ẸJA ÀRỌ̀ Ń TÀN WÁ JẸ

Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn a máa wí pé, “Omi mi dára, ẹ ò rí i pé ẹja mi ò kú?” Ẹ̀rí yìí kò tó. Ọlọ́run dá àrọ̀ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀. Yàtọ̀ sí mímí inú omi, ó ní ẹ̀yà ara mìíràn nínú orí rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i tí ó ń yọ ẹnu sókè, tí ó tún ń rì padà, àti ìdí tí ó fi lè wà láàyè pẹ́ nínú abọ́ àwọn ìyá tí ń ta ẹja lọ́jà. Nínú omi tí kò ní ọ́síjìn rárá, níbi tí epìyà yóò ti kú láàrin wákàtí díẹ̀, àrọ̀ lè máa wẹ̀ kiri. Nítorí náà, pé àrọ̀ wà láàyè kò fi hàn pé omi náà dára fún odò, fún kànga, tàbí fún ènìyàn.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ A KÒ RÍ

Bí a bá ti gbọ́ “kòkòrò àìfojúrí”, àrùn ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi di fùfú? Ta ni ó ń mú omi ògì kan? Ta ni ó ń sọ irúgbá di irú? Àwọn kòkòrò àìfojúrí náà ni. Bí ènìyàn rere ti wà tí ènìyàn búburú sì wà, bẹ́ẹ̀ ni ti kòkòrò rí.

Nínú omi àti nínú ilẹ̀, ẹgbẹ́ kòkòrò méjì wà tí amóníà jẹ́ oúnjẹ wọn. Ẹgbẹ́ kìíní ń mú amóníà, ó ń sọ ọ́ di ohun tí a ń pè ní náítíràìtì. Ẹgbẹ́ kejì ń gba náítíràìtì náà, ó ń sọ ọ́ di náítíréètì. Ẹ ṣàkíyèsí àwọn orúkọ méjèèjì dáadáa, nítorí wọ́n jọra bí ìbejì, ìwà wọn sì yàtọ̀. Náítíràìtì burú fún ẹja: ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Náítíréètì kò pa ẹja lára tó bẹ́ẹ̀, àwọn ewéko sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Òun náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ tí a ń rà lọ́jà. Bí ẹgbẹ́ kìíní bá ṣiṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kejì kò ì tí ì dé, ìyọnu wà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà pọ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kòkòrò ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ní ọdún 1877, àwọn ará Faransé méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Schloesing àti Müntz kó yanrìn àti ẹfun òkúta sínú ọ̀pá gígùn kan, wọ́n sì ń rọra da omi ìdọ̀tí ìlú sí i lórí. Fún bí ogúnjọ́, kò sí ìyípadà kankan. Lẹ́yìn náà ni amóníà bẹ̀rẹ̀ sí í dín, tí náítíréètì sì ń jáde nísàlẹ̀. Wọ́n wá fi chloroform sí i, èyíinì ni oògùn tí àwọn dókítà ìgbà náà fi ń kun ènìyàn lóorun kí wọ́n tó la ara rẹ̀. Iṣẹ́ dúró. Nígbà tí wọ́n mú oògùn náà kúrò, tí wọ́n sì da omi tí a fi ṣan erùpẹ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí oògùn lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró báyìí, ohun ẹlẹ́mìí ni. Ní ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Zürich, ya àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀ gedegbe.

Ní ọdún 1914, ọdún tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀, àwọn méjì mìíràn ní ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ardern àti Lockett, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, bí ọ̀sẹ̀ 5 ni ó gbà kí ó tó mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nù. Wọ́n da omi ìdọ̀tí tuntun lé e, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Nígbà tí ó yá, omi tuntun kò gbà tó ọjọ́ kan mọ́ kí ó tó mọ́. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá lágbàáyé ṣì fi ń fọ omi ìdọ̀tí wọn títí di òní, òun náà sì ni ó wúlò fún omi ẹja.

OHUN MẸ́RIN TÍ WỌ́N FẸ́

Èkíní: ilé. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ara nǹkan. Ohun tí ń yọ̀ lára òkúta inú odò, àwọn kòkòrò wà nínú rẹ̀. Bí a bá gé iṣu sí wẹ́wẹ́ láti fi din dùndún, iyọ̀ a tètè wọ̀ ọ́ ju odidi iṣu lọ, nítorí ojú tí iyọ̀ lè gbà wọlé ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti òkúta. Ẹ jẹ́ kí a mú òkúta kan tí gígùn, ìbú àti ìga rẹ̀ jẹ́ mítà 1 kọ̀ọ̀kan. Ojú mẹ́fà ni ó ní, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 6 níbùú lóròó. Bí a bá fọ́ òkúta yìí sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, yóò di 8,000, ojú gbogbo wọn yóò sì jẹ́ mítà 120 níbùú lóròó. Ilé ti di ìlú.

Ṣùgbọ́n nínú àpótí, nítorí àlàfo tí ó wà láàrin òkúta àti òkúta, ìdajì iye yìí ni a lè kà sí, bíi mítà 60. Ojú òkúta tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó kì í sì í sábà fọ ju gíráàmù 1 náítírójìn lọ lóòjọ́. Nítorí náà, gíráàmù 370 tí a sọ lókè yóò gba àpótí òkúta 6 ó kéré tán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní ìga. Ẹni tí ó kó òkúta sínú ike kékeré kan ṣoṣo tí ó sì wí pé òun ti ṣe asẹ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Èkejì: afẹ́fẹ́. Láti fọ gíráàmù 1 náítírójìn, wọ́n ń lo ọ́síjìn tí ó ju gíráàmù 4 àti ààbọ̀ lọ. Fún gíráàmù 370, bíi kìlógíráàmù 1 àti gíráàmù 700 ni lójoojúmọ́. Omi tí ó dúró gbagidi kò lè fún wọn ní èyí. Omi gbọ́dọ̀ máa kán, kí ó máa ta, tàbí kí a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Ẹ̀kẹta: ẹfun òkúta, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní láìmù. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni omi ń kan, bí ó bá sì kan jù, iṣẹ́ a dúró. Fún gíráàmù 1 náítírójìn, wọ́n ń lo bíi gíráàmù 7 ẹfun. Èyí jẹ́ kìlógíráàmù 2 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lójúmọ́ fún ọlọ́sìn tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Omi kànga mìíràn ti ní i lára láti inú ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n omi òjò kò ní. Láìmù àgbẹ̀ tí a fi òkúta lásán lọ̀ ni kí a lò, kì í ṣe èyí tí a ti sun níná tí ń jó ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin: àkókò. Kòkòrò tí ń ba ọbẹ̀ jẹ́ lè di méjì kí ìdajì wákàtí tó pé. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tí a kò gbóná fi ń kan mọ́jú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fọ amóníà a máa lo ìdajì ọjọ́, tàbí odidi ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀kan tó di méjì. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni asẹ́ tuntun máa ń gbà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dúró dáadáa. Nítorí náà, kí a má ṣe kó ẹja púpọ̀ sínú omi ní ọjọ́ tí a kọ́ asẹ́. Kí a fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí oúnjẹ kéré, kí a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

BÍ A TI LÈ ṢE É NÍ ÌLÀNÀ TI WA

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kòtò ìtòrò. Kí omi láti inú adágún kọ́kọ́ wọ inú kòtò tàbí àgbá ńlá kan, kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀. Kí a máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà lóòrèkóòrè, kí ó má jẹrà padà sínú omi. Ó dára fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, fún oko àgbàdo àti fún igi eléso. Bí a bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ìgbẹ́ ẹja yóò dí àárín àwọn òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ wa kò sì ní rí afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni asẹ́ òkúta. Kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ mọ́ sínú àpótí sìmẹ́ńtì tàbí àwọn àgbá tí a lu ihò sí nídìí. Èèpo èkùrọ́ tí a fọ̀ tí òróró ti kúrò lára rẹ̀, tàbí ìdérí ìgò oníke, lè dípò òkúta. Kí omi máa rọ̀ sórí rẹ̀ bí òjò wẹliwẹli, kí ó máa ṣàn lára òkúta títí yóò fi jáde nísàlẹ̀. Òkúta kò gbọ́dọ̀ rì sínú omi. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí afẹ́fẹ́ sì máa kọjá láàrin rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ kí omi ṣàn fúnra rẹ̀ láì lo ẹ̀rọ. Omi tí ó bá jáde níbẹ̀ lè padà sínú adágún, nípa bẹ́ẹ̀ omi tí a ó dà nù yóò dín púpọ̀.

Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀, kí a bu òkúta díẹ̀ láti inú asẹ́ àtijọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ní ibi tí kò sí àrùn ẹja, kí a dà á mọ́ tiwa, bí ẹni tí ń fi omi ògì àná bu sí ti òní kí ó lè tètè kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni àbàtà. Èyí ni kòtò gígùn tí kò jìn, tí a gbin kókò àti koríko etí omi sí, tí omi ń rìn kọjá láàrin gbòǹgbò wọn kí ó tó lọ sí odò. Nínú ẹrẹ̀ àbàtà yìí ni ẹgbẹ́ kòkòrò kẹta ń gbé. Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, nítorí ibi tí kò sí ọ́síjìn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jẹ ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà, wọ́n sì ń sọ náítíréètì di náítírójìn lásán, tí ó ń fò padà sínú afẹ́fẹ́. Kò sí ewu nínú ìyẹn, nítorí nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ìdá 78 jẹ́ náítírójìn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan ń lò, nípa dída ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sínú adágún kí àwọn kòkòrò mìíràn lè jẹ ẹ́ mọ́ amóníà, kí wọ́n di ìṣù kéékèèké tí ẹja lè jẹ. Ọ̀nà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tọ̀sán tòru. Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró, tí kò sì ní jẹnẹrétọ̀ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó má dán an wò.

OHUN TÍ Ń PA WỌ́N

Àwọn òṣìṣẹ́ wa kò le bí wọ́n ti pọ̀ tó. Bí ẹja bá ń ṣàìsàn, tí ọlọ́sìn sì da oògùn bíi oxytetracycline sínú omi láì bi ẹni tí ó mọ̀, oògùn náà lè pa wọ́n pọ̀ mọ́ kòkòrò àrùn. Amóníà a sì gòkè, ẹja a tún ṣàìsàn sí i. Èyí tí ó burú jù fún àwa ènìyàn ni pé àwọn kòkòrò àrùn tí oògùn náà kò pa a máa kọ́ bí a ti ń borí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọ ara ọmọ wa, oògùn tí dókítà kọ lè má ran ọmọ náà. Kí a pe dókítà ẹran wò ó kí a tó da oògùn sómi. Bákan náà, kí a má fi omi ẹ̀rọ tí ó ní chlorine fọ òkúta asẹ́. Omi adágún fúnra rẹ̀ ni kí a fi ṣàn án.

Ní ti àwọn ìgò àti ìyẹ̀fun tí a ń tà pé kòkòrò rere ni ó wà nínú wọn, kí a fi ọgbọ́n rà wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ irú tí ń jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó lè sùn pẹ́ nínú ìyẹ̀fun gbígbẹ. Àwọn tí ń fọ amóníà kò ní agbára àtisùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ilé fún wọn, tí kò fún wọn ní afẹ́fẹ́, tí ó wá ń ra ìgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

OHUN TÍ WỌN KÒ LÈ ṢE, ÀTI Ọ̀RỌ̀ ỌMỌ ỌWỌ́

Níbí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá tẹ́tí sí wa. Omi tí ó ti asẹ́ jáde ti bọ́ lọ́wọ́ amóníà, ṣùgbọ́n náítíréètì wà nínú rẹ̀. Àní omi tí kò gba asẹ́ kọjá rárá, bí ó bá rì sínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ yóò sọ amóníà rẹ̀ di náítíréètì, yóò sì máa rìn lọ sínú kànga. Bí Lágbájá bá ń da omi ẹja sílẹ̀ lókè, tí Tàmẹ̀dò sì gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀, inú ìkòkò Tàmẹ̀dò ni omi Lágbájá ń lọ. Ṣáláńgá àti ajílẹ̀ oko náà ń fa irú rẹ̀.

Ní ọdún 1945, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Hunter Comly, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí a fi omi kànga po oúnjẹ fún, tí ara wọn ń yí padà sí àwọ̀ aró. Náítíréètì inú omi kànga ni ó fà á. Nínú ara ọmọ ọwọ́, ó di náítíràìtì, ó sì ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹja: ẹ̀jẹ̀ kò lè gbé ọ́síjìn mọ́. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi là á kalẹ̀ pé náítíréètì inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà 1.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: síse omi kò mú náítíréètì kúrò. Bí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná, tí omi rẹ̀ fà, ṣé iyọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ sí i? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni náítíréètì. Síse omi ń pa kòkòrò àrùn, ó sì dára kí a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ti náítíréètì, kò ràn án. Ọmú ìyá ni ààbò tí ó dára jù fún ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Bí ètè, ahọ́n tàbí èékánná ọmọ bá di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ eérú, tí ó sì ń mí gúlegúle, kí a má ṣe àgbo, kí a má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun kejì tí àwọn òṣìṣẹ́ wa kò lè ṣe tán ni pípa kòkòrò àrùn. Asẹ́ àti àbàtà ń dín wọn kù, wọn kò pa wọ́n tán. Omi náà kì í ṣe omi mímu, kì í ṣe omi ìwẹ̀ fún ọmọdé, a kò sì gbọdọ̀ fi rin ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù.

ÒFIN MÉJE FÚN ÌRÁNTÍ

1. Má ṣe da omi adágún sínú gọ́tà àdúgbò. Níbi tí ó bá dúró sí, ẹ̀fọn yóò yé sí i, tanwíji yóò sì pọ̀ níbẹ̀.

2. Kí kòtò omi ẹja jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, bí a ti ń ṣe fún ṣáláńgá, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ìdágẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ sí kànga náà.

3. Má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ ju èyí tí ó lè jẹ tán lọ. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù jẹ́ owó tí ó di májèlé.

4. Má ṣe fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù tàbí òkú ẹran bọ́ ẹja.

5. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá bó, má wọ inú adágún láìsí bàtà àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí o bá jáde, fi ọṣẹ wẹ̀.

6. Má ṣe da oògùn sínú omi láì gba ìmọ̀ràn dókítà ẹran.

7. Bí àdúgbò rẹ bá kún fún adágún ẹja, kí ẹ gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti yẹ omi kànga yín wò. Ẹ má sá fún wolé-wolé; ọ̀rẹ́ yín ni.

ÌBÉÈRÈ

Kí àwọn ọmọ ilé ìwé dáhùn ìwọ̀nyí fún òbí wọn: Èé ṣe tí àrọ̀ fi lè wà láàyè nínú omi tí epìyà kò lè gbé? Kí ni ohun mẹ́rin tí àwọn kòkòrò tí ń fọ amóníà fẹ́? Èé ṣe tí síse omi kò fi lè gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ náítíréètì?

Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja, a kò bá yín jà, iṣẹ́ yín dára. Òkúta, ẹfun àti sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò wọ́n ju ẹ̀mí ọmọ aládùúgbò lọ. Ẹ tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ kò rí, wọn yóò tọ́jú omi yín, ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ yóò sì tutù.